Igi ìta ilé: ìbéèrè tí àwọn onílé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń bi wá jù nípa ìtọ́jú igi àti gígé rẹ̀

Bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni àwọn ìbéèrè wọ̀nyí máa ń dé, wọn kì í sì í yàtọ̀. Àwa tí à ń tọ́jú igi kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ kí onílé lè kà á kó tó pe ẹnikẹ́ni.

Ta gan-an ni kí n pè: agégẹdú, ẹni tó ń tún ọgbà ṣe, àbí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ?

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Agégẹdú mọ bí igi ṣe ń ṣubú nínú igbó, níbi tí kò ti sí páànù, wáyà tàbí ọmọdé nítòsí. Ẹni tó ń tún ọgbà ṣe mọ òdòdó àti koríko. Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ mọ igbà á lò ju gbogbo wa lọ, àmọ́ ọ̀pẹ kò lẹ́ka. Kò sí ibi tó ti máa kọ́ bí ẹ̀ka mángòrò ṣe ń fò padà lu ẹni tó gé e.

Ẹni tí ẹ ń wá ni ẹni tó máa yí igi náà po kó tó dárúkọ owó. Ẹ ṣọ́ ohun tó máa kọ́kọ́ wò. Bó bá ń wo òkè nìkan, tí kò tẹ ìdí igi wò, tí kò béèrè ibi tí páìpù omi àti wáyà gbà, tí kò bojú wo ilé aládùúgbò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó máa lọ. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé igi náà kò nílò gígé, ẹ pa nọ́ńbà rẹ̀ mọ́: owó ara rẹ̀ ló fi sílẹ̀ kó tó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà wo nínú ọdún ló yẹ kí n rẹ́wọ́ igi?

Ìgbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ló dára jù fún ọ̀pọ̀ igi ìta ilé. Ilẹ̀ gbẹ, ara igi kò yọ̀, olú kì í sì í tètè hù lójú ọgbẹ́ bíi ti ìgbà òjò. Ìjì tó ń wó igi jù ni ti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà tí atẹ́gùn máa ń ṣáájú òjò dé. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹrin ti pẹ́.

Mángòrò yàtọ̀. Ẹ ká èso rẹ̀ tán kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí ìgbà ọyẹ́ ló ń tanná. Ẹni tó bá rẹ́ ẹ nígbà náà ti gé èso ọdún yẹn dànù.

Ní Àjàṣẹ́ àti Kétu, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ kó tó padà dé, èèyàn sì lè lo àyè yẹn fún àtúnṣe kékeré. Ní Ṣábẹ, òjò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ̀ka tó ti kú kò ní ìgbà ní tirẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ mú un kúrò.

Igi wo ni kí n gbìn sítòsí ilé tí kò ní dà mí láàmú lọ́la?

Ẹ bi ara yín pé báwo ni igi náà ṣe máa tóbi tó nígbà tí ọmọ yín bá ní ọmọ. Ìrókò, àràbà, ọ̀gánwó àti melina kì í ṣe igi ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mángòrò alálọ̀ọ́, ọsàn, gúáfà àti àgbálùmọ̀ ṣeé gbìn, bí ẹ bá fi mítà 5 tàbí 6 sílẹ̀ láàárín wọn àti ilé. Kí àgbálùmọ̀ gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ń ga.

Ẹni tó fẹ́ gbìn lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú ń gbìn, 1 oṣù kẹfà ni Ọjọ́ Igi ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 1985, ilẹ̀ sì ti tutù dáadáa nígbà náà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé igi mi ti di ewu?

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ewé lè tutù yọ̀yọ̀ lórí igi tí inú rẹ̀ ti di ihò, torí pé abẹ́ èèpo ni omi ń gbà gòkè. Àárín lè jẹrà tán kí ewé má mọ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ lẹ́yìn tí igi bá wó pé ara rẹ̀ le koko lánàá.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni olú tó hù nídìí igi tàbí lórí gbòǹgbò, pàápàá èyí tó le gbagidi. Ilẹ̀ tó sán tàbí tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ìdí igi. Oríta ẹ̀ka méjì tó há mọ́ra débi pé èèpo ti wọ àárín wọn. Àti ẹ̀ka ńlá tó ti gbẹ lókè ibi tí èèyàn ń jókòó sí. Igi tó ti tẹ̀ láti kékeré, tí orí rẹ̀ sì ti yí padà sókè, kì í sábà fa wàhálà. Èyí tó tẹ̀ lẹ́yìn òjò àná ńkọ́? Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ rẹ̀ lónìí.

Ẹ fi ẹ̀yìn àáké lu ara igi náà yípo, ẹ sì tẹ́tí. Ibi tó bá le á dún kó, ibi tó bá ṣófo á dún bí ìlù. Igi tó ṣófo kò túmọ̀ sí igi tó máa wó dandan o. Bí ara òde bá nípọn tó sì le, ó lè dúró pẹ́. Àmọ́ bí ohùn òfo bá yí i ká, tàbí tí ihò ti lu síta, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kó wá wò ó.

Ikán ti gun ara igi mi. Ṣé ó ti kú nìyẹn?

Kò dájú. Èèpo gbígbẹ ti òde nìkan ni ikán mìíràn ń jẹ. Ẹ fi ọ̀bẹ ha yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì ha èèpo díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tó ní àwọ̀ ewé, igi ṣì wà láàyè níbẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wọ̀ọ̀, tí ikán sì ń tú jáde látinú, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ikán kì í sábà jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe igi náà. Ọgbẹ́ àdá, ìṣó tí wọ́n fi gbé pátákó kọ́, tàbí ìdọ̀tí tí wọ́n ń jó nídìí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ má da òkú epo ọkọ̀ síbẹ̀: ó ń pa ilẹ̀, ó sì lè wọ kànga yín.

Afọ́mọ bo mángòrò mi. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Ẹ mú un kúrò. Afọ́mọ kò ní gbòǹgbò nílẹ̀, omi tí igi fà ló ń gbà mu, ẹyẹ ló sì ń gbé hóró rẹ̀ láti igi dé igi. Ẹ̀ka tó bá gùn á máa gbẹ láti ibi tó dì mọ́ dé ṣóńṣó. Kíká ewé rẹ̀ kò tó, á tún hù. Ẹ̀ka náà gan-an ni kí ẹ gé, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí ẹ̀yìn ibi tó dì mọ́. Kí ẹ tó jó o, ẹ bi elewé ọmọ: afọ́mọ orí àwọn igi kan máa ń rí olówó.

Ṣé kí n ní kí wọ́n gé orí igi náà kó má bàa ga jù?

Rárá. Èyí ni iṣẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀ wá sí jù, òun náà ló sì ń ba igi jẹ́ jù nílùú. Igi tí wọ́n gé lórí ti pàdánù ewé tó fi ń wá oúnjẹ, ó ti gba ọgbẹ́ ńlá tí kò lè pa dé mọ́, oòrùn sì ń jó èèpo tó ti wà lábẹ́ òjìji láti ọjọ́ yìí. Yóò hu ọ̀wọ́ ẹ̀ka tuntun létí ọgbẹ́ náà, wọ́n á sì máa sáré gòkè. Kò ní pẹ́ tó fi máa ga padà.

Ibi tí ewu wà nìyí: ẹ̀ka àtilẹ̀bá ti inú ara igi wá, igi sì ti ń nípọn yí i ká lọ́dọọdún. Ẹ̀ka tuntun kàn lẹ̀ mọ́ òde ni, ibi tó sì lẹ̀ mọ́ ń jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Igi tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ti wá di èyí tí ẹ óò máa ṣọ́ ní gbogbo ìgbà òjò, tí ẹ óò sì máa sanwó lé lórí. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń tọ́jú igi tó tètè gbà láti gé orí rẹ̀, ẹ bi í léèrè ìdí.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni kí wọ́n dín ẹ̀ka rẹ̀ kù: kí wọ́n mú èyí tó ti kú, èyí tó ń gbo ẹlòmíì lára, àti èyí tó nà jù sórí páànù, kí wọ́n gé e padà dé ibi tí ẹ̀ka mìíràn ti yọ. Ohun tí wọ́n bá mú lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin ewé igi náà lọ. Atẹ́gùn á wá máa gba inú rẹ̀ kọjá dípò kó máa tì í. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí igi tó dàgbà fúnra rẹ̀ ṣe ń rí, kó wọ ọgbà igi tí wọ́n ń pè ní Jardin des Plantes et de la Nature ní Àjàṣẹ́, kó gbójú sókè wo àwọn ìrókò ibẹ̀.

Ojú ibo gan-an ni ayùn máa gbà lára ẹ̀ka?

Ẹ wo ibi tí ẹ̀ka ti yọ lára igi. Ó wú díẹ̀ níbẹ̀, èèpo rẹ̀ sì hunjọ yí i ká. Ọrùn ẹ̀ka nìyẹn, ibẹ̀ ni igi ti máa pa ọgbẹ́ dé. Iwájú ọrùn náà gẹ́lẹ́ ni kí ayùn gbà. Bó bá wọ inú ọrùn, ọgbẹ́ á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá sì fi kùkùté gígùn sílẹ̀, kùkùté náà á gbẹ, ikán á gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ̀ka tó bá ti nípọn tó apá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni à ń gé e. A kọ́kọ́ ti ìsàlẹ̀ gé e wọlé díẹ̀, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí ọrùn. Lẹ́yìn náà a ti òkè gé e, síwájú ojú ti àkọ́kọ́ díẹ̀. Ẹ̀ka á kán, á bọ́ láìya èèpo. Ìgbà yẹn la tó wá gé ìyókù ní ọrùn. Ẹni tó bá ti òkè gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwọ̀n ẹ̀ka náà á fa èèpo ya wá sílẹ̀ títí dé àyà igi.

Kí ni kí n fi kun ojú ọgbẹ́?

Ẹ má fi ohunkóhun kùn ún. Ọ̀dà, sìmẹ́ńtì, amọ̀, epo, gbogbo wọn ń há omi mọ́ abẹ́. Ọgbẹ́ igi kì í jinná bíi ti ara èèyàn. Ńṣe ni igi ń mọ odi yí ibi tó bàjẹ́ ká nínú ara rẹ̀, tó sì ń fi ara tuntun bò ó. Alex Shigo, onímọ̀ igi ará Amẹ́ríkà tó la igi lọ́pọ̀lọpọ̀ láti wo inú ọgbẹ́ wọn, ló fi èyí han gbogbo ayé láti nǹkan bí ọdún 1970 wá.

Gbòǹgbò ń gbé sìmẹ́ńtì àgbàlá mi sókè. Ṣé kí n gé e?

Ẹ ní sùúrù. Púpọ̀ nínú gbòǹgbò kì í kọjá sẹ̀ǹtímítà 60 nísàlẹ̀ ilẹ̀, wọ́n sì ń tàn kọjá ibi tí òjìji ẹ̀ka dé. Ní Ṣábẹ, níbi tí àpáta ti sún mọ́ ojú ilẹ̀, àti nítòsí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́, níbi tí omi kò jìnnà, wọn kì í tilẹ̀ ráàyè lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn gbòǹgbò ńlá tó yí ìdí igi ká yìí ló ń dì í mú lọ́jọ́ ìjì. Bí ẹ bá gé méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún atẹ́gùn.

Ẹ wọn bí igi náà ṣe fẹ̀ tó ní gíga àyà, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta: ẹ má gé gbòǹgbò kankan láàárín ibẹ̀. Igi tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, mítà 1 àbọ̀ yíká rẹ̀ nìyẹn, ìlọ́po márùn-ún sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sìmẹ́ńtì ló rọrùn láti tún ṣe. Ẹ fọ́ ọ kúrò nídìí igi, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí omi lè ríbi wọlẹ̀. Tí ògiri ilé bá sán, ẹ pe bíríkìlà kó wo ìpìlẹ̀ kí ẹ tó di ẹ̀bi ru igi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni igi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọ̀pẹ àti àgbọn ńkọ́?

Orí kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹ gé e, ó kú. Imọ̀ tó ti gbẹ tó sì ti rọ̀ sílẹ̀ nìkan ni kí ẹ mú, pẹ̀lú èso. Bí àgbọn bá wà lókè ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ká a ní tútù.

Ẹ̀ka ti kan wáyà iná. Ta ló máa gé e?

SBEE, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná, ni ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún, torí àwọn nìkan ló lè pa iná ojú wáyà náà. Kí wọ́n tó dé, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀pá, àkàbà irin tàbí okùn sún mọ́ ọn. Omi ló kún inú igi tútù, omi sì ń gbé iná; èèyàn lè kú nídìí igi láìfọwọ́ kan wáyà rárá. Iná 220 tó wọ ilé ń pani. Ti orí òpó gíga lè tó 20,000 fólìtì, ìyẹn kò sì nílò kí ẹ fara kàn án kó tó fò mọ́ yín. Ẹ jìnnà sí i ní mítà 3, ó kéré tán.

Ẹnì kan á ní òun ti ń gé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ láìpa iná láti ìgbà pípẹ́. Ojoojúmọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Bí wáyà bá ti já sílẹ̀, ẹ kó gbogbo èèyàn jìnnà, kí ẹ sì pe àwọn panápaná ní 118.

Ṣé mo lè fi tronçonneuse (ayùn ẹlẹ́rọ) gé e fúnra mi?

Igi tí kò nípọn ju itan lọ, tó dúró nínú àyè, tí kò tẹ̀, tí wáyà kò sí nítòsí rẹ̀, ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà á lò lè gé e. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má gun àkàbà pẹ̀lú tronçonneuse láé. Ẹ má gbé e ga ju èjìká lọ, ẹ má sì dá nìkan ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tó máa pe ìrànlọ́wọ́.

Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá ni ìtapadà. Bí igun òkè imú ẹ̀rọ náà bá ṣèèṣì kan igi, gbogbo rẹ̀ á ta padà sí ojú ẹni tó dì í mú kó tó ṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ń sáré tó mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Akoto tó bo ojú àti etí, ṣòkòtò tí wọ́n ṣe fún tronçonneuse àti bàtà líle kì í ṣe fáàrí. Ẹni tó bá wọ sílípáàsì wá ṣiṣẹ́ náà, ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

Àárín ilé méjì ni igi náà wà. Báwo ni wọ́n ṣe máa mú un kúrò?

Kì í ṣubú rárá, ńṣe ni wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ègé-ègé, láti orí wá. Ẹni tó gùn á so ara rẹ̀ mọ́ igi níbi méjì kó tó tan ẹ̀rọ, torí ẹ̀rọ lè gé okùn kan. Okùn mìíràn wà fún ẹ̀ka. Wọ́n á gbé e kọjá lórí oríta tó le lókè, wọ́n á so ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka tí wọ́n fẹ́ gé, wọ́n á sì lọ́ ìdí rẹ̀ mọ́ ara igi nísàlẹ̀. Lílọ́ yẹn ló ń gba ìwúwo. Ẹni tó dúró nílẹ̀ á wá máa tú u díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀ka á fi balẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò gbọdọ̀ wé okùn náà mọ́ ọwọ́ tàbí ìbàdí láé.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí wọ́n fi ń lọ́ra bẹ́ẹ̀: ìtí igi tútù tó gùn ní mítà 1 péré, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, lè wúwo tó kílò 150 sí 200. Páànù wo ló máa gba ìyẹn?

Ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Tòkè á kígbe, á dúró títí tìsàlẹ̀ á fi dáhùn, kó tó gé. Tí ẹ bá gbọ́ igbe tí ẹ kò gbọ́ èsì, tí ẹ̀rọ sì ń dún lọ, ẹ dá iṣẹ́ náà dúró. Bí ìdí igi bá sì ti jẹrà débi pé kò ṣeé gùn, ọkọ̀ agbẹ́rù ló kù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe akin níbẹ̀.

Àyè wà lẹ́yìnkùlé mi. Ṣé kí wọ́n kàn wó o lulẹ̀?

Ó ṣeé ṣe, bí gbogbo èèyàn bá lè jìnnà tó ìlọ́po méjì gíga igi náà. Wọ́n á kọ́kọ́ gé ẹnu sí i ní apá ibi tó máa ṣubú sí, tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ti ẹ̀yìn gé e bọ̀, àmọ́ wọn kò ní gé e já. Wọ́n á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ láàárín. Ìyẹn ló ń darí igi bó ti ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá gé e já ti sọ ìjánu nù, igi á wá yan ibi tó wù ú.

Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣán ọ̀nà tí wọ́n máa sá gbà, sẹ́yìn ní ìdábùú. Okùn tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ tàbí tí ọmọkùnrin mẹ́fà ń fà kì í rọ́pò gígé tó dára.

Ṣé kí n dáná sí ìdí rẹ̀, tàbí kí n bó èèpo rẹ̀ yíká, kó gbẹ fúnra rẹ̀?

Ẹ má ṣe é nítòsí ilé. Igi náà á kú lóòótọ́, àmọ́ kò ní lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ á máa kán lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ìjì, agùngi tó mọṣẹ́ kò sì ní gbà láti gun òkú igi. Iṣẹ́ tí ọwọ́ yín ì bá ká lónìí á di ti ọkọ̀ agbẹ́rù lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí ló dé tí iye tí ẹni méjì dá lé igi kan náà fi jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀?

Gíga igi kọ́ ló ń pinnu owó. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni, bóyá ọkọ̀ lè wọlé, bóyá wáyà wà, bóyá inú rẹ̀ ti jẹrà, àti ẹni tó máa kó ewé lọ. Ẹni tó dá owó kékeré lè má kó nǹkan kan. Á gé e tán, á sì fi òkè ẹ̀ka sílẹ̀ fún yín. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ní òun á gé e lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pákó. Kì í ṣe ilé yín ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, bó ti wù kó kúrú tó: ohun tí wọ́n máa gé, ẹni tó ni igi tó balẹ̀, ẹni tó máa palẹ̀ mọ́, ẹni tó máa tún páànù aládùúgbò ṣe bó bá bàjẹ́. Ẹ má san gbogbo owó kí iṣẹ́ tó parí.

Orí ilẹ̀ mi ni igi wà. Ṣé mo tún nílò ìwé àṣẹ?

Ó wà lọ́wọ́ igi tó jẹ́. Òfin igbó orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, òfin 93-009 ti 2 oṣù keje 1993, dáàbò bo àwọn igi kan níbikíbi tí wọ́n bá wà, ìrókò àti ọ̀gánwó sì wà lára wọn. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn Eaux et Forêts (òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó) tó sún mọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kí ẹ tún béèrè nípa gbígbé pákó rẹ̀ lójú ọ̀nà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Igi etí títì kì í ṣe tiyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá yín ló gbìn ín: ẹ lọ sí mairie, ọ́fíìsì olórí ìlú. Mángòrò tàbí dóńgóyárò inú àgbàlá kì í sábà le, àmọ́ ẹ jẹ́ kí olórí àdúgbò gbọ́ kí ariwo ẹ̀rọ tó sọ ọ́ fún un.

Aṣọ funfun wà nídìí igi náà láti ayé àwọn bàbá wa. Mo ra ilẹ̀ náà, mo sì fẹ́ kọ́lé.

Ẹ kò tíì ra igi yẹn. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wá ìdílé tó ni ojúbọ, kí olórí ẹbí bá yín sọ̀rọ̀. Ìrókò, àràbà, oṣè, akòkò: ní Kétu àti Ṣábẹ, wọn kì í hù síbi kan lásán kí wọ́n sì wé aṣọ mọ́ wọn. Àwa kì í gun igi bẹ́ẹ̀ bí àwọn àgbà kò bá tíì sọ̀rọ̀, ẹ̀sìn yòówù tí onílé ń ṣe. Àwọn àgbà kì í sábà kọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn èèyàn ṣe rò; wọ́n lè ní kí ẹ mú ẹ̀ka tó ti kú, kí ẹ sì yí ilé sẹ́yìn díẹ̀. Igbó Orò àti irú igbó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá: àṣẹ ìjọba ti wà lórí wọn láti oṣù kọkànlá ọdún 2012.

Wọ́n ti gé e, àmọ́ kùkùté ń hu ewé.

Dóńgóyárò, tíìkì àti melina kì í jáwọ́ bọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n gé kùkùté mọ́lẹ̀ ráúráú, ẹ máa ya ọ̀mùnú rẹ̀ dànù ní gbogbo ìgbà tó bá yọjú, ẹ kó yẹ̀pẹ̀ lé e. Á rẹ̀ ẹ́. Kẹrosín-ìn tí àwọn kan ń dà sí i ń ba ilẹ̀ jẹ́ ni, kò dé ibi tí igi fi oúnjẹ pamọ́ sí.

Igi aládùúgbò ló tẹ̀ sórí ilé mi, kò sì dá mi lóhùn.

Ẹ má gun orí ògiri lọ gé e lóru. Ẹ lọ bá a pẹ̀lú àgbàlagbà kan tí ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún, ẹ fi ibi tó jẹrà hàn án, ẹ má fi ìbínú bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, owó ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ojú sì ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dá a pọ̀ san, ó dín ju owó páànù tuntun lọ. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ lẹ́tà tó ní ọjọ́, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ olórí àdúgbò. Bí igi náà bá wó lẹ́yìn ìyẹn, kò ní lè sọ pé òun kò mọ̀.

Ìjì ti gbé igi lé orí ilé wa. Àwọn ọmọ àdúgbò ti mú àdá dé.

Ẹ dá wọn dúró. Ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, kí ẹ wo wáyà kí ẹ tó wo igi. Bí ẹnì kan bá há sábẹ́, 118.

Igi tó dùbúlẹ̀ kò tíì sinmi. Ẹ̀ka tó tẹ̀ wọ ilẹ̀ ń fà, bí wọ́n bá gé e lápá ibi tó nà, á fò lu ẹni tó gé e. Ìtí tó gbé orí lé ògiri lè yí lójijì bí wọ́n bá mú ẹ̀ka kan tó fi gúnlẹ̀ kúrò. Èyí tó burú jù ni ìdí igi tó fa gbòǹgbò àti ilẹ̀ dìde: nígbà tí wọ́n bá gé ìtí kúrò lára rẹ̀, ìwọ̀n ilẹ̀ yẹn lè fà á dìde padà sínú kòtò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú kòtò yẹn gan-an ni àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti wọ̀ lọ ṣeré. Ẹ fi ẹnì kan ṣọ́ ọ títí àwọn tó mọṣẹ́ á fi dé, kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ láti ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó gbé ẹ̀ka àkọ́kọ́ kúrò, torí aládùúgbò àti onílé ìbánigbófò, ẹni tó bá ní, máa béèrè rẹ̀.